Àtàǹpàkò Wo Ni Kí N Tẹ̀?

Òkè-Ejìgbò,
Ìlá Ọ̀ràngún.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Tẹjúmádé, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kánádà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́ léegun? Àwa náà wà. Ọyẹ́ ti ń lọ, eruku ló fi sílẹ̀ fún wa. Obì oko Ọ̀rà kò so tó ti èṣí. Ìrètí, ìyàwó Bámidélé àbúrò rẹ, ti wúwo gan-an. Kí Àjíǹde tó kọjá, a óò gbọ́ ohùn ọmọ nínú ilé yìí. Mo ti kí ọ tán. Inú ń bí mi.

Ìwé tí yunifásítì yín fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú ewé mẹ́fà ni. Bámidélé fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ n kà á fún yín, Màmá."

"Ta ló sọ fún ọ pé ojú mi ti fọ́?"

Mo wọ awò mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo kà á látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n gbà kí ẹ fi àwòrán ọwọ́ mi àti itọ́ tí mo tu sínú ìgò ṣe ìwádìí. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ewé kẹfà, mo rí àpótí kékeré kan tí wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ibi ìtẹ̀ka fún ẹni tí kò mọ̀wé." Ẹnì kan sì ti fi bírò fa ìlà síwájú rẹ̀ pé èmi ni ẹni náà. Mo mọ ọwọ́ ẹni tó fà á. Ìwọ ni.

Èmi, Tinúadé! Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì la kọ́kọ́ ń jókòó sí kí wọ́n tó fún wa ní yàrá. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdọ̀tun tó ń kọ́ wa kéré sí àbíkẹ́yìn mi, síbẹ̀ ó fi bírò pupa fa igi sí iṣẹ́ mi títí dọjọ́ tí kò rí ohun tó máa fà á sí mọ́. Àwa mọ́kàndínlógún la jọ ṣèdánwò. Ipò kejì ni mo mú, ẹni tó sì gba ipò kìíní ti kàwé dé kíláàsì kejì ní kékeré, ó fi pamọ́ fún wa ni. Nígbà tí o ń lọ sí Kánádà, ta ló kọ lẹ́tà àdúrà tí o fi sínú àpótí rẹ? Ṣé mo tẹ̀ka sí i ni?

Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò wo ni kí n tẹ̀? Méjì ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, o sì mọ̀. Nítorí méjì yẹn lẹ ṣe kọ̀wé sí mi. Ẹni tó ya àpótí wá yà á fún ẹyọ kan! Ẹ ń wá ohun tó wà lójú yín.

Ìkejì ló dùn mí jù. Wọ́n pe ìka mi ní "àbùkù". Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló wà nínú ìwé náà. "Àbùkù ìka." "Ìdílé tí àbùkù yìí wà nínú rẹ̀." Tẹjúmádé, bàbá mi kò wá orúkọ kiri nígbà tí wọ́n bí mi. Ọmọ tó bá mú ìka kún ìka wá, Olúgbódi ni, orúkọ tó gbé tọ̀run bọ̀ nìyẹn. Bí àkókò obì bá dé ní Ọ̀rà, tí wọ́n bá kó obì tí a ti rẹ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ pe Olúgbódi wá." Kí ẹlẹ́ka márùn-ún tó bó agbọ̀n méjì tán, mo ti bó mẹ́ta. Àbùkù wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí o wá ní Kérésì ìdúnta, o ya ọwọ́ mi, o ní kí n tutọ́ sínú ìgò, èmi àti àwọn ọmọ Adétúnbọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀rà. O ní o fẹ́ mọ bí ìka ṣe ń yọ lára ọmọ tó wà nínú oyún. Inú mi dùn, mo ròyìn rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ̀ pé èébú ni mò ń kó àwọn ẹbí mi lọ gbà. Bí mo sì ti bẹ̀rẹ̀ yìí, n ó sọ ọ́ tán: ọwọ́ òsì lo fi na ìgò yẹn sí mi. Mo rí i. Òun náà lo fi jẹ iyán mi. Mo dákẹ́ nítorí èèyàn wà níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń bá ọ wí, o ò gbọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó ti dénú ìwé báyìí, o ti fi júwe rẹ̀ fún òyìnbó.

Mi ò buwọ́ lù ú. Má pè mí lórí fóònù láti bẹ̀ mí, afẹ́fẹ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ fóònù lọ. Kọ ọ́ sílẹ̀. Bámidélé ni yóò fi fóònù ya àwòrán lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ. Tó bá ń kà á lọ, kó rántí pé mo ní ojú.

Èmi ni,
Tinúadé Olúgbódi.
Mo kọ ọ́ fúnra mi.


Kánádà,
26 oṣù Kejì, 2024.

Ìyá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí yìnyín ti bo ilẹ̀ dé orúnkún. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ tuntun. Ẹ bá mi kí Ìrètí.

Ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo fa ìlà sí àpótí yẹn lóòótọ́. Ẹ ti sọ pé ojú ń dùn yín, mo rò pé ìtẹ̀ka á rọ̀ yín lọ́rùn ju ìkọ̀wé lọ. Èmi kọ́ ni mo túmọ̀ ìwé náà. Àwọn kan tí ilé ìwé háyà ni. Bákan náà ni ìwé gbogbo onímọ̀ ṣe ń pe ohunkóhun tó bá yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọn kò fi bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mò ń ṣe fún yín, bóyá inú yín á rọ̀. Ẹyin adìẹ la fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kan ló ń sàba fún wa. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ohun kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlẹ̀ tó wà nínú ẹyin, bí ìgbà tí igi fẹ́ rúwé. Ibẹ̀ ni apá yóò ti jáde, tìka tìka. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ní ìhà ibi tí ìka ọmọńdinrín máa ń wà lọ́wọ́ tiwa. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ara gbogbo fi kọ́ra jọ. Akéde ni mo máa ń pe àwọn wọ̀nyí. Wọ́n á máa kéde. Èyí tó bá wà nítòsí wọn á gbọ́ ọ ketekete, á di ọmọńdinrín. Èyí tó jìnnà díẹ̀ á gbọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́, á di ìka mìíràn. Èyí tí kò gbọ́ rárá ló ń di àtàǹpàkò. Bí mo bá fi abẹ́rẹ́ gbé díẹ̀ nínú akéde lọ sí ìhà kejì, ìka tuntun á yọ níbẹ̀. Lára ìdílé wa, akéde kejì wà ní ìhà àtàǹpàkò, kò sẹ́ni tó gbé e lọ síbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú ìwé gígùn àbínibí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì yín, èyí tó ń sọ bí ara ṣe máa kọ́ra jọ. Mo rí lẹ́tà yẹn, Màmá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá a.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹrin ni ìwé gbọdọ̀ dé. Ẹ̀yin ni àgbà ìdílé: bí kò bá sí ìbuwọ́lùwé yín, wọ́n á yọ gbogbo ará Ọ̀rà kúrò nínú iṣẹ́ mi, kò sì ní ku nǹkan kan tí mo lè fi gboyè. Mo bẹ̀ yín, ẹ buwọ́ lù ú.

Ti ọwọ́ òsì, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ di bárakú.

Ọmọ yín,
Tẹjúmádé.


Òkè-Ejìgbò,
Ìlá Ọ̀ràngún.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Tẹjúmádé,

Mi ò ní ìkíni lọ́wọ́ lónìí.

Ìrètí bímọ lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Obìnrin ni, irun kún orí rẹ̀ bí ẹni pé ó ti lo ọdún kan kó tó wá. Nígbà tí mo ṣí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo rí àtàǹpàkò méjì. Mo jó, Tẹjúmádé. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo jó láàárín àwọn abiyamọ.

Nọ́ọ̀sì kan ló bà á jẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Lọ́jọ́ Ẹtì a máa wá fi òwú so ó nílé. Á ti gbẹ kí ẹ tó sọmọ lórúkọ."

Mo ní, "Tó bá gbẹ, kí ni ká wá sọ ọ́?"

Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ ní Ìbùkúnolúwa."

Mo ní kó lọ fi ìyẹn sọ ọmọ tirẹ̀. Olúwa ti sọ eléyìí lórúkọ kó tó dé, ó fi lé e lọ́wọ́ pé kó máa mú un bọ̀.

Ibẹ̀ ni Bámidélé ti wá fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Mo pe Àǹtí Tẹjú lórí fóònù. Àwọn fúnra wọn ló ní ká gé e."

Ó ní o sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o ti ń tanná wo inú ẹyin láti mọ bí ìka ṣe ń yọ, ṣé gígé lo kọ́ níbẹ̀? Mo ka lẹ́tà rẹ lórí akéde. Ó yé mi, ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Bí akéde méjì bá ń ké ní ìlú kan, ṣé ìlú náà lábùkù ni? Ìlú tó ń gbọ́rọ̀ ju ìlú mìíràn lọ ni. O mọ èyí, o sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní àbùkù, o ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ gbọ́ Yorùbá. Ṣé o ka ìwé náà kí o tó fi ránṣẹ́ ni, àbí o ò kà á?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ti délé, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmú nìkan ló ń gbà á kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Dá mi lóhùn kó tó dé: ṣé o sọ ọ́ tàbí o ò sọ ọ́?

Tinúadé Olúgbódi.


Òkè-Ejìgbò.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹrin.

Tẹjúmádé,

Ọjọ́ mẹ́ta rèé, o ò fèsì.

Nọ́ọ̀sì mú òwú wá lánàá. Mo tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìrètí, mo jókòó sí i. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa." Mo ní iṣẹ́ pọ̀ ní Ìlá, kó wá òmíràn ṣe. Sàfúrátù ìyá Ìyábọ̀ tó wà ní ilé kejì gbọ́ ariwo, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá, ó jókòó tì mí, kò tilẹ̀ bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin nìyẹn. Bámidélé dúró gbagidi bí òpó. Nọ́ọ̀sì ní òun ń padà bọ̀ lọ́la lẹ́yìn ìsìn.

Ìrètí ń sunkún. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé á máa fi ọmọ òun ṣẹ̀sín. Wọ́n fi èmi náà ṣẹ̀sín rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó obì.

Ọ̀tunla ni ìsọmọlórúkọ. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn rẹ kí a tó jáde ìsìn lọ́la, n ó ya ìwé yunifásítì yín, n ó fi dáná omi ìwẹ̀ ọmọ. Ó kéré tán, á wúlò fún un.

Tinúadé Olúgbódi.


Kánádà,
7 oṣù Kẹrin, 2024.

Ìyá àgbà,

Mo kúnlẹ̀. Mi ò tíì dìde.

Mi ò sọ pé kí wọ́n gé e. Ohun tí mo sọ fún Bámidélé nìyí: kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwú so ó, torí eegun wà nínú rẹ̀. Bó bá tó bí ọdún kan, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọwọ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí bàbá àti ìyá rẹ̀ wá pinnu bóyá kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó gbọ́ "iṣẹ́ abẹ", kò gbọ́ ìyókù. Ẹ bi í. Mo ti pe Ìrètí náà láàárọ̀ yìí, mo ti sọ ọ́ fún un. Kò sí òwú lónìí.

Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ èsì láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé, ìgbà mẹ́rin ni mo ya á. Kò sí bí mo ṣe lè dá yín lóhùn kí n má sọ ohun tí Mọ́mì ní mi ò gbọdọ̀ sọ.

Nígbà tí wọ́n bí mi ní Kàdúná, wọ́n ránṣẹ́ sí yín pé ìka mi pé márùn-ún márùn-ún. Irọ́ ni. Àtàǹpàkò méjì ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, bíi tiyín. Mo pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n fẹ́ mú mi wá sí Ìlá nígbà àkọ́kọ́. Kí a tó gbéra, wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n gé e. Mọ́mì ní, "Bí Ìyá bá bi ọ́, sọ pé ọ̀bẹ ló gé ọ." Ẹ bi mí. Mo sọ pé ọ̀bẹ ni.

Ẹni tó gé e kò mọ̀ ọ́n gé. Àtàǹpàkò tó kù kò ṣeé tẹ̀ síwájú. Kò lè di òkèlè mú, kò lè di abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nínú ẹyin mú. Gbogbo akéde tí mo gbé láti ìhà kan sí ìkejì, ọwọ́ òsì ni mo fi gbé e. Lọ́jọ́ tí mo na ìgò sí yín, ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi nà án. Mo mọ̀ pé á bọ́, itọ́ yín á dà nù. Mo rí bí ẹ ṣe wò mí.

Itọ́ tèmi ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Lẹ́tà tó yí padà yẹn wà nínú mi. Ẹ bi mí bóyá mo ka ìwé náà. Mo kà á. Mo rí "àbùkù" lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, mo sì jẹ́ kó kọjá, nítorí orúkọ tí mo ti ń pe tèmi nìyẹn láti ọmọ ọdún márùn-ún.

Bí ẹ bá ti ya ìwé náà, ó tọ́ sí mi.

Tẹjúmádé.


Òkè-Ejìgbò,
Ìlá Ọ̀ràngún.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Dìde. Orúnkún rẹ kò gbọdọ̀ dà bíi tèmi.

Lẹ́tà rẹ bá mi nígbà tí mo ń wé gèlè lọ sí ìsìn. Mo tú gèlè, mo jókòó. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mi ò ya ìwé.

Inú ṣì ń bí mi, má tan ara rẹ jẹ. Mo kàn gbé e kúrò lórí rẹ ni. Bàbá rẹ ti kú, kò lè dá mi lóhùn. Ìyá rẹ wà láàyè ní Ìbàdàn, òun ni lẹ́tà mi kàn lẹ́yìn èyí. Kó tọ́jú awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọmọ mi wá sílé fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n kọ́kọ́ gé mi kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó mú un wá kí mi! Èmi náà sì jẹ̀bi. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń bá ọmọ wí nítorí ọwọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Mo pe Bámidélé. Ó ní, "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Mo ní, "Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ló ní ká gé e?" Òun ló ń ya lẹ́tà yìí, kó yà á dáadáa.

A sọmọ lórúkọ. Nígbà tí pásítọ̀ bèèrè orúkọ, mo ní Olúgbódi. Ìrètí fúnra rẹ̀ ló fi Tolúwalọpẹ́ kún un. Mo ti sọ fún un pé bó bá di ọdún kan, kí òun àti ọkọ rẹ̀ gbọ́ ohun tí dókítà bá wí, kí wọ́n ṣe bó bá ṣe yẹ lójú wọn, n kò ní tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ á ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó máa ní kó parọ́ pé ọ̀bẹ ni.

Ó wá ku ìwé yín. Mo lọ yá bírò pupa lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Oyèdọ̀tun. Ibi mọ́kọ̀ọ̀kànlá tí wọ́n kọ "àbùkù" sí, mo fa igi sí i, mo kọ "Olúgbódi" sókè rẹ̀. Mo fa igi sí àpótí ìtẹ̀ka, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹni yìí mọ̀wé." Mo wá mú bírò dúdú, mo buwọ́ lù ú, orúkọ mi pé. Mo fún wọn ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá, wọ́n rí mẹ́rin yẹn gbà nítorí akéde. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé wọn ò páàsì, kí wọ́n tún un kọ. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè gba ìwé tí a máàkì, kí wọ́n wá sí Ìlá wá bá mi. Mo wà nílé. Bámidélé ti fi ìwé náà ránṣẹ́ láti Òṣogbo lánàá, mo dúró tì í títí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Tìrẹ náà, má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí o bá tún pè é bẹ́ẹ̀, n ó gbọ́.

Bó bá di Kérésì, obì á ti délé láti Ọ̀rà. Ìwọ ni yóò gbé igbá obì wá fún mi lójú gbogbo ẹbí. Ọwọ́ òsì ni kí o fi nà án. Èmi yóò fi ọwọ́ mi méjèèjì gbà á, àti àtàǹpàkò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá rẹ àgbà,
Tinúadé Olúgbódi.